Ẹ̀bùn Kérésì Nílé Onígbàgbọ́: Ìbéèrè Tí Àwọn Òbí Máa Ń Bi Mí àti Ìdáhùn Mi

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sópin, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú lówùúrọ̀, àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní kíláàsì mi nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi a máa dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: kí la fẹ́ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Kérésì tọdún yìí, tí wọn ò fi ní gbàgbé ẹni tí a torí rẹ̀ ń ṣọdún? Ìbàdàn là ń gbé. Lásìkò yẹn, ọjà Dùgbẹ̀ àti ọjà Gbági kì í gba ẹsẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ owó ló sì máa ń wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Mo ti kó àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé jù jọ síbí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀ mi kó tó kà síwájú, òun nìyí: ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fúnni, kó tó gbà.

Ṣé Bíbélì pàṣẹ pé ká máa fún ara wa lẹ́bùn nígbà Kérésì?

Kò pa á láṣẹ. Kò tilẹ̀ sí ibi tó ti dárúkọ ọjọ́ 25 oṣù kejìlá. Ìwé kan tí wọ́n ṣe ní Róòmù ní ọdún 354 wà lára àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tó fi ìbí Jésù sí ọjọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn wà nínú ìtàn náà. Ẹ ṣí Mátíù orí kejì, ẹsẹ 11. Àwọn amòye láti ìlà-oòrùn wọ inú ilé, wọ́n rí ọmọ náà pẹ̀lú Màríà ìyá rẹ̀, wọ́n wólẹ̀, wọ́n foríbalẹ̀ fún un, lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ìṣúra wọn, wọ́n sì ta á lọ́rẹ wúrà, tùràrí àti òjíá. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ìka tọ ẹsẹ yẹn, kí wọ́n sọ fún mi èwo ló ṣáájú. Ìforíbalẹ̀ ló ṣáájú, ẹrù ló tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ọmọ tí a ń ṣe ọdún ìbí rẹ̀ ni ẹ̀bùn náà sì lọ. Nínú ilé tiwa lónìí, a máa ń tú ẹrù láàárọ̀ kùtùkùtù, gbogbo wa la máa ń gbà, ẹni tó lọ́jọ́ ìbí nìkan ni kì í rí nǹkan kan gbà.

Ibo ni Kérésì tiwa ti ṣẹ̀ wá, ṣé kì í ṣe àṣà òyìnbó lásán ni?

Wọ́n máa ń sọ pé Àgbádárìgì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe Kérésì nílẹ̀ Nàìjíríà, ní ọdún 1842. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, sì dé ní oṣù kejìlá. Baba tó bí Freeman, ọmọ Áfíríkà ni. Àwọn tó sì mú kí àwọn méjèèjì wá, ọmọ wa ni wọ́n: àwọn Sàró, àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n gbé ní Freetown ní Sierra Leone, tí wọ́n wá padà sílé, tí wọ́n ní àwọn ń fẹ́ àlùfáà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ọdún àjèjì ni, ẹ sọ fún un pé àwọn tí wọ́n tà bí ẹrú ló fọwọ́ ara wọn gbé e wálé.

Fífúnni ní nǹkan jíjẹ nígbà ọdún kò sì dúró de ṣọ́ọ̀ṣì. Kí àwọn àlùfáà tó dé, ẹni tó bá ń ṣọdún nílẹ̀ wa a máa gbé oúnjẹ káàkiri. Kérésì bá a nílẹ̀ ni, ó sì bá a mu.

Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ àwo oúnjẹ. Báwo ni a ṣe ń sọ ọ́ di ẹ̀bùn tó ní ìgbàgbọ́ nínú?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá a lóhùn.

Ní gbogbo ọjọ́ Kérésì nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí a tó bu ìrẹsì tiwa, màmá mi á ti to abọ́ tánganran sílẹ̀ lórí tábìlì. Ìrẹsì á wọlé, ọbẹ̀ ata á tẹ̀ lé e, ẹran adìyẹ kan tàbí méjì, dòdò tí ó bá wà. Wọn á fi abọ́ kejì dé e, wọn á fi aṣọ ìnuwọ́ funfun dì í ní kókó lókè kí ó má baà dà. Orúkọ ilé ni wọ́n máa ń pè: ti ìyá Àgbà, ti ilé Alhájì, ti bàbá onítàílọ̀, ti àwọn ọmọ tí ìyá wọn ṣàìsí. Àwa ọmọ la ń gbé e. Ebi a máa pa wá, òórùn ọbẹ̀ a máa jáde lábẹ́ aṣọ, a kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Kí a tó padà dé láti ilé ìkẹyìn, kò sẹ́ni tó máa jẹun nílé wa.

Àṣà yìí ti ń kú lọ. Kúlà la ń gbé sínú bùútù ọkọ̀ báyìí, àgbà ló sì máa ń já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Mo rọ̀ yín, ẹ dá a padà fún ọmọ. Bí a ṣe ń ṣe é nílé mi rèé. Ní alẹ́ ọjọ́ 24, a jọ máa ń jókòó, ọmọ kọ̀ọ̀kan á dárúkọ ilé kan tó fẹ́ kí a gbé oúnjẹ lọ, á sì sọ ìdí rẹ̀. Mo ní kí ilé kan, ó kéré tán, jẹ́ ilé ẹni tí kò lè dá a padà fún wa. Tó bá di ọjọ́ kejì, bí a bá ti ti ìsìn dé, ọmọ tó dárúkọ ilé ló máa gbé abọ́ ilé náà. Ó máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀, á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Dádì àti Mọ́mì ní ká gbé e wá, a ń dúpẹ́ fún Jésù." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má kọ́ wọn ní ìwàásù.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi wà lọ́mọ ọdún méje, ó gbé abọ́ lọ fún màmá arúgbó kan tó ń dá gbé ní òpin àdúgbò wa. Ó pẹ́ débi pé mo bọ́ sẹ́nu ọ̀nà láti máa wò ó. Nígbà tó dé, ó ní Màmá ní kí òun jókòó, kí àwọn jọ jẹ ẹ́. Ṣíbí kan ṣoṣo ló wà nílé. Màmá á bu, á jẹ, á fi ṣíbí lé e lọ́wọ́, òun náà á bu, á sì dá a padà. Abọ́ náà kò sì dé lófìfo: ọsàn méjì wà nínú rẹ̀, tí a ti bó èèpo wọn, tí a ti gé orí wọn. Kò fún èmi ní ìkankan nínú ọsàn yẹn o. Òun àti àbúrò rẹ̀ ló mu ún.

Àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí ńkọ́? Ṣé kò ní dà bíi pé à ń fi tipátipá wàásù fún wọn?

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹran Iléyá wọn kì í fo ilé wa dá. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ fiyè sí: àwọn mìíràn nínú wọn kì í jẹ ẹran tí Mùsùlùmí kò pa. Ẹ bi wọ́n tẹ́lẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Nílé wa, Alhájì ẹ̀gbẹ́ wa la máa ń bẹ̀ kó bá wa dú adìyẹ láàárọ̀, òun náà sì máa ń rí apá tirẹ̀ gbà. Ẹni tí ìyẹn bá nira fún lè gbé ṣínṣín tàbí èso lọ.

Ẹ̀bùn mélòó ló yẹ ká fún ọmọ kọ̀ọ̀kan?

Àwọn ilé kan mú mẹ́ta, nítorí wúrà, tùràrí àti òjíá. (Bíbélì kò sọ pé amòye mẹ́ta ni wọ́n o. Ẹ̀bùn ló jẹ́ mẹ́ta. Iye àwọn tó gbé e wá kò sí nínú ẹsẹ yẹn.) Ìlànà yẹn dára, ó rọrùn, ọmọ sì lè lóye rẹ̀: ọ̀kan tí yóò dùn mọ́ ọn nínú, ọ̀kan tó máa lò lójoojúmọ́, ọ̀kan tó máa mú un sún mọ́ Ọlọ́run, bíi Bíbélì tó ní lẹ́tà ńlá tàbí ìwé orin tirẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lójú ewé àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn ń ṣe mẹ́rin: ohun tó wù ú, ohun tó nílò, ohun tó máa wọ̀, ohun tó máa kà.

Èmi, ọ̀kan ni mò ń fún tèmi. Mo gbìyànjú mẹ́ta ní ọdún méjì, mo rí i pé ẹ̀kẹta ni wọ́n ti ń wò kí wọ́n tó dúpẹ́ ẹ̀kíní. Ilé kọ̀ọ̀kan mọ ọmọ rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ dá iye lé e kí ẹ tó wọ ọjà, ẹ má sì jẹ́ kí ọjà dá a lé e fún yín.

Ṣé aṣọ Kérésì jẹ́ ẹ̀bùn?

Ẹ̀bùn ni, ẹ̀bùn tó sì pẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn òbí wa ni. Ọmọ tó ti wọ bàtà tuntun sùn rí ní alẹ́ ọjọ́ 24 mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ má fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nítorí pé kò sí nínú páálí oníríbọ́ọ̀nù. Ẹ kàn jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ẹnì kan ṣe é fún òun. Ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ télọ̀, kó rí ọwọ́ tó ń gé e. Kó dúpẹ́ lọ́wọ́ télọ̀. Bí tọdún tó kọjá bá sì ti kéré fún un, tó ṣì dára, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ fọ̀ ọ́, kó lọ̀ ọ́, kó sì gbé e fún ọmọ tó máa bá mu. Kí èyí ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí tuntun máa wọlé.

Owó kò sí lọ́dún yìí. Kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ?

Ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ má yá owó ṣe Kérésì. Mo ń sọ èyí pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi, nítorí mo ti rí ilé tí oṣù kìíní bá nínú gbèsè, tí owó iléèwé sì di ẹkún.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka Lúùkù orí kejì ẹsẹ 24 fún wọn. Nígbà tí Màríà àti Jósẹ́fù gbé Jésù lọ sí tẹ́ńpìlì, àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì ni wọ́n fi rúbọ. Ẹ wá ṣí Léfítíkù orí kejìlá ẹsẹ 8: ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká ọ̀dọ́ àgùntàn ni òfin ní kó mú ẹyẹ méjì wá. Ìyá Jésù gan-an kò rí owó àgùntàn. Ẹyẹ ló gbé lọ, Ọlọ́run sì gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lóye èyí dáadáa; mo ti kà á fún wọn ní kíláàsì, ọmọ kan sì nawọ́ pé, "Àǹtí, nígbà náà, àwọn náà kò lówó bíi tiwa." Bẹ́ẹ̀ ni, mo dá a lóhùn. Mi ò fi kún un.

Ẹ̀bùn wo la lè fúnni tí kò gba owó púpọ̀?

Oríkì. Èyí tó wà lọ́kàn mi jù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní ìgboro kò mọ̀ ju orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà iléèwé wọn lọ. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ẹ ní kí wọ́n kì ọmọ náà, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ: Àjọkẹ́ ni ọ́, Àlàó ni ọ́, ọmọ báyìí báyìí. Ẹ kọ ìtàn orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n bí i, ẹni tó gbé e dé ilé, àdúrà tí a gbà kí ó tó dé. Bó bá jẹ́ Abíọ́dún tàbí Bọ́dúndé, ẹ sọ ọdún tó bá wáyé fún un. Ẹni tó bá ń ṣe iyèméjì nítorí ibi tí oríkì ti mẹ́nu ba òrìṣà, kó bi àwọn àgbà ibi tó lè fò. Oríkì ìdílé gùn, ó ní ibi tó pọ̀.

Àwọn ọmọ náà lè fún àgbà lẹ́bùn. Èyí tí mo ti rí tó dára: kí ọmọ há Sáàmù kan sórí, kó sì kà á fún bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Kérésì láìwo ìwé. Kó pọn omi kún àmù ìyá àgbà fún ọ̀sẹ̀ kan. Kó ya káàdì fúnra rẹ̀. Mo ṣì ní káàdì kan tí ọmọ kíláàsì mi yà fún mi, màlúù tó wà nílé ẹran nínú rẹ̀ ga ju Jósẹ́fù lọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Báwo la ṣe ń fún Jésù fúnra rẹ̀ lẹ́bùn?

Ẹ ra kóló kan. Kóló onípákó tí wọ́n ń tà lọ́jà yẹn, tí kò ní ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé fífọ́ la máa ń fọ́ ọ. Ọjọ́ Ìsinmi kìíní Àdífẹ́ńtì (àsìkò tí ìjọ fi ń múra de Kérésì), tó máa ń bọ́ sí òpin oṣù kọkànlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, ni kí ẹ gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì tí ẹ ti ń gbàdúrà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà níwájú yín. Ohun tí ọmọ bá ju sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ara rẹ̀: owó súìtì, owó tí ẹ̀gbọ́n fún un, owó iṣẹ́ kékeré tó ṣe. Ẹ má fún un lówó pé kó lọ jù ú síbẹ̀. Dáfídì sọ nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 24 pé òun kò ní fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan rúbọ sí Olúwa.

Ní alẹ́ ọjọ́ 24, ẹ fọ́ kóló náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á. Ariwo owó ẹyọ kò pọ̀ mọ́ báyìí, náírà bébà ló kù, ṣùgbọ́n ojú wọn nígbà tí pákó bá là sí méjì kò ní kúrò lọ́kàn yín. Mátíù 25 ẹsẹ 40 ló máa sọ ibi tí owó náà yóò lọ: ohun tí a bá ṣe fún ẹni tó kéré jù lọ, Jésù ni a ṣe é fún. Àwọn ọmọ ni kí wọ́n mú ẹni náà. Ọdún tó tẹ̀ lé ti ọsàn yẹn, ọmọbìnrin mi ní òun mọ ibi tí tòun máa lọ. Ó ra ṣíbí mẹ́fà, ó fi bébà ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dì í, ó sì gbé e lọ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ.

Ṣé ká sọ fún àwọn ọmọ pé Bàbá Kérésì wà?

Ẹ sọ ìtàn ẹni tí a ti mú orúkọ náà jáde fún wọn. Nicholas jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní Myra, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tọ́kì lónìí, ní ọ̀rúndún kẹrin. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé bàbá kan ní ọmọbìnrin mẹ́ta, kò sì ní owó tó lè fi fa wọ́n fún ọkọ. Nicholas ń ju àpò wúrà gba ojú fèrèsé wọn lóru, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ni àwọn ìjọ ń rántí rẹ̀. Àwọn ará Nẹ́dálańdì ń pè é ní Sinterklaas, ibẹ̀ ni orúkọ Santa Claus tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ti wá.

Bí ẹ bá mú ọmọ lọ yà fọ́tò pẹ̀lú ọkùnrin oní-irùngbọ̀n òwú ní ilé ìtajà, kò burú. Ohun tí mi ò lè fara mọ́ ni kí a sọ fún ọmọ pé ọkùnrin yẹn ń rí gbogbo ohun tó ń ṣe, ọmọ dáadáa ló sì máa ń fún lẹ́bùn. Ẹ ronú ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò rí owó oṣù gbà. Kò ní rí ẹ̀bùn, kí ló máa rò nípa ara rẹ̀? Ọlọ́run nìkan ló ń rí ohun gbogbo, kò sì dúró kí a di ẹni dáadáa kó tó fún wa ní Ọmọ rẹ̀.

Ìjọ wa fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Kí ni ká kíyè sí?

Ẹ fi kámẹ́rà sílé. Jésù ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Ọmọ tó wà níbẹ̀ kò yọ̀ǹda kí ojú rẹ̀ wà lórí Facebook yín pẹ̀lú páálí ìńdómì lọ́wọ́. Ẹ pe àwọn alábòójútó tẹ́lẹ̀, kí ẹ bi wọ́n ohun tí wọn kò ní. Ó lè jẹ́ ọṣẹ, nápíkìn ọmọ, tàbí owó iná. Gbogbo èèyàn ló máa ń lọ lọ́sẹ̀ Kérésì, nítorí náà bí ẹ bá lè lọ ní oṣù kejì, ìyẹn ló dára jù.

Hámpà fún ọ̀gá níbi iṣẹ́ àti fún pásítọ̀ ńkọ́?

Fún pásítọ̀, bí ó bá wù yín, ẹ fún un. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ohun tí ẹ rò pé wọ́n ní. Fún ọ̀gá, ẹ bi ara yín bóyá ẹ máa fún un bó bá kúrò ní ipò yẹn lọ́la. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, nǹkan mìíràn lẹ fẹ́ fi rà. Ẹ́kísódù 23 sọ pé irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ ń fọ́ ojú ẹni tó ríran. Ní Lúùkù 14, Jésù ní bí o bá ń se àsè, má pe àwọn olówó aládùúgbò rẹ, kí wọ́n má baà pè ọ́ padà. Pe tálákà, amúkùn-ún, afọ́jú. Mo ti ri i pé owó hámpà ńlá kan tó láti bọ́ ilé mẹ́rin ní àdúgbò wa.

Òkè òkun la wà, àwọn ọmọ wa ń rí ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń gbà. Kí la lè ṣe?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ń ṣe, nítorí náà mo mọ̀ pé kò rọrùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jọ́lọ́ọ̀fù lọ fún àwọn aládùúgbò lọ́jọ́ Kérésì. Ilé àkọ́kọ́, ọkùnrin àgbà kan ṣílẹ̀kùn, kò mọ ohun tó máa sọ. Ní báyìí, òun ló máa ń kan ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ 26 láti dá abọ́ padà. Ẹ dín ata kù, ẹ sì béèrè bóyá oúnjẹ kan wà tí ara wọn kì í gbà. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n pe ìyá àgbà lórí WhatsApp, kí wọ́n ka Lúùkù orí kejì ní èdè Yorùbá fún wọn, ẹsẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bí ó ti wù kí ohùn náà ríi. Kò sí páálí tí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà tó lè ṣe ohun tí ìyẹn máa ṣe. Ẹ̀yin tí àwọn ìbátan ń kó ẹ̀bùn rẹpẹtẹ ránṣẹ́ sí, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa owó náà pọ̀ sí ẹyọ kan, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ yan ìdajì tó máa fún ẹlòmíràn.

Ìgbà wo ló yẹ ká ṣí ẹ̀bùn?

Lẹ́yìn ìsìn, lẹ́yìn tí abọ́ oúnjẹ ti jáde. Àwọn mìíràn dúró di ọjọ́ 6 oṣù kìíní, tí ìjọ ń rántí àwọn amòye. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọdé ń gba ẹ̀bùn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì. Ó tún kan àwa gan-an: ní Kúbà, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ Áfíríkà, àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí sì wà lára wọn, máa ń lu ìlù jáde sí ìgboro Havana, tí àwọn ará ìlú sì máa ń fún wọn lówó. Ọjọ́ tí ẹrú lè jó ní gbangba ni. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n máa ń dákẹ́.

Ìjọ wa kì í ṣe Kérésì.

Ẹ má jà. Pọ́ọ̀lù sọ ní Róòmù 14 pé ẹnì kan ka ọjọ́ kan sí ju òmíràn lọ, ẹlòmíràn ka gbogbo ọjọ́ sí bákan náà, kí kálukú dá ara rẹ̀ lójú. Bí ẹ bá ń lọ sí ìpàgọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ gbé abọ́ oúnjẹ jáde kí ẹ tó lọ.

Ọmọ mi ṣí ẹ̀bùn, ó bú sẹ́kún, ó ní kì í ṣe èyí tí òun fẹ́. Mo fẹ́ gbà á padà.

Ẹ má gbà á padà lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì ra òmíràn. Ẹ jẹ́ kí ẹkún náà tán. Ọmọ tí a kò tíì fi fífúnni kọ́ kò mọ̀ pé ẹnì kan fi òógùn rẹ̀ ra nǹkan. Tó bá di ọ̀la, ẹ mú un dání nígbà tí ẹ bá ń lọ ra ohun tí ẹ fẹ́ fún ẹlòmíràn, kó rí i bí ẹ ṣe ń ná an, bí ẹ ṣe ń ka owó, bí ẹ ṣe ń fi èyí tó wù yín sílẹ̀ nítorí pé owó kò tó. Ẹ ní kó wá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún un lẹ́bùn, kì í ṣe bí ìyà, bí ẹni tó ti rí ohun tí ẹni náà ṣe.

Ọjọ́ 23 ti pé, a ò tíì ṣe ohunkóhun. Ṣé kò ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́ rárá. Ẹ wá abọ́ kan tó ní ìdérí nínú ilé. Ẹ pe àwọn ọmọ jọ lálẹ́ yìí, ẹ bi wọ́n pé, "Ilé ta ni a máa kọ́kọ́ gbé oúnjẹ lọ?" Ẹ kọ orúkọ tí wọ́n bá dá sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí abọ́ náà, kí ẹ sì gbé e sórí tábìlì kó sùn síbẹ̀.